Ǹjẹ́ “N Kò Mọ̀” Tó Láti Fi Ṣe Àwáwí?

Wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa bí a ṣe ń yọ àbàwọ́n tó ti wọ ara táìlì iwájú ilé, nítorí ọ̀pọ̀ wa ń múra de àlejò ọdún. N ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá.

Kí a kọ́kọ́ mú ti iṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Bí epo pupa bá dà sílẹ̀, ẹ má yára bu omi sí i. Ẹ da eérú tó ti tutù tàbí láfún lé e, kí ó fa epo náà mu, kí ẹ gbá a kúrò, kí ẹ tó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ibẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ lásìkò òjò, búrọ́ọ̀ṣì líle ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ha á, kí ẹ tó fi Jik tí ẹ ti là ní omi ṣan án. Ìpáàrà irin ni baba aláìgbọràn. Jik kì í yọ ọ́. Ó tún lè mú un jinlẹ̀ sí i ni. Lórí táìlì alámọ̀ tó ń dán, omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀ yóò ṣí i. Lórí terrazzo tàbí òkúta mábù, ẹ má dán an wò, nítorí ohun kíkan a máa jẹ òkúta náà. Ẹ kán ọsàn díẹ̀ sí igun kan tí ojú kò tó. Bí ó bá hó, ẹ gbé ọsàn yín padà sí ilé ìdáná, kí ẹ sì wá ẹni tí ń fi ẹ̀rọ lọ terrazzo.

Gbogbo èyí ni n kò mọ̀ lọ́dún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún 33 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé.

Àgbá irin kan wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé mi tí mo fi ń gbe omi òjò. Nígbà tí a gbé e kúrò, òrùka pupa ńlá kan wà lórí terrazzo níbi tó jókòó sí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ìpàdé ẹgbẹ́ kan ilé mi. Mo ń wo òrùka yìí bí ẹni pé orúkọ mi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ ìbátan mi kan, ọmọbìnrin ọdún 14, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Mo ní kí ó fi Jik fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Nígbà náà ni mo rántí ìgò ásíìdì tí ẹni tó tẹ́ táìlì ilé ìwẹ̀ wa fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣí sìmẹ́ńtì tó gbẹ mọ́ táìlì. Mo nà án sí i, mo ní, “Da èyí sí i.” Jik kò tíì kúrò nílẹ̀.

Bí Jik bá pàdé ásíìdì, èéfín olóró tí a ń pè ní chlorine ni ó ń jáde, èéfín kan náà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres ní 1915. Ọmọ náà sáré wọlé, ó ń wúkọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ṣé ó ti ṣí?”

Lẹ́yìn náà ni mo tó bu omi sí i lójú, tí mo gbé e lọ sí ọsibítù. Ó wúkọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, Ọlọ́run sì wò ó sàn. Ìpáàrà náà ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú terrazzo di ṣákiṣàki. Ní ọjọ́ ìpàdé, kò sí ẹni tó wo ilẹ̀. Arábìnrin kan ló béèrè ìdí tí ọmọ náà fi ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Òtútù ni.”

Ǹjẹ́ mo jẹ̀bi? Àwọn ará ilé mi ní n kò jẹ̀bi, nítorí n kò mọ̀. Àwọn àgbà ní àìmọ̀kan ní ń mú èkúté-ilé pe ológbò níjà. Ṣùgbọ́n èkúté yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló lọ. Èmi ọmọ ọlọ́mọ ni mo rán.

Òótọ́ ni pé n kò mọ̀ pé nǹkan méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé. Kí ló wá dé tí n kò fi da ásíìdì náà fúnra mi? Kì í ṣe orúnkún, nítorí lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo kúnlẹ̀ nu abẹ́ àga. Aṣọ ni mo fi di ìgò náà mú, mo yí imú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo wá gbé e fún ọmọ. Ọwọ́ mi ti mọ ohun tí ẹnu mi ń sọ pé n kò mọ̀. Àìmọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ìmọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ìmọ̀ ti kan ilẹ̀kùn, a kò dá a lóhùn nítorí pé àlejò ń bọ̀. Ìkejì ni tèmi.

Àwọn ìyá kan yóò ní iṣẹ́ ilé ni ẹ̀kọ́ ọmọ. Mo gbà. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tí mo lọ, gbogbo Sátidé ni a ń fọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa a kọ́kọ́ kúnlẹ̀, a fọ igun kan hàn wá. Ọmọ tí a ń kọ́ níṣẹ́ yàtọ̀ sí ọmọ tí a ń fi ṣe ìbọ̀wọ́. Àwa ọmọ Wesley a sì máa fi ìmọ́tótó yangàn. Nínú ìwàásù rẹ̀ lórí aṣọ wíwọ̀, ẹ̀yìn ìwà-bí-Ọlọ́run ni ó gbé ìmọ́tótó sí. Èmi gbé e síwájú lọ́jọ́ yẹn.

Ó pẹ́ kí n tó bẹ ọmọ náà. Ẹnu àgbà a máa wúwo níbi ẹ̀bẹ̀. Mo ní, “Má bínú sí mi.” Ó kúnlẹ̀ wéré, ó ní, “Ẹ má bẹ̀ mí, Màmá, ẹ ò mọ̀ ni.”

Mo sọ fún un pé mo mọ̀.

Arábìnrin tó bi mí nípa ikọ́ ọmọ náà, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ìwé yìí. Kì í ṣe òtútù.