Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Tún Ọkọ̀ Baba Wa Ṣe?

Arákùnrin kan níhìn-ín ní Ìjù jogún Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́nà Àgbádárìgì, l'Ékòó, ní 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dán. Ó bi wá bóyá kí òun fi owó ilé-ìwé ọmọ tún un ṣe, kí orúkọ baba má baà parun.

Ẹ gbọ́ o: ti ẹ́ńjìnnì kò le. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló dè é mú. Mẹkáníìkì á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á tún un ṣe. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ wò, níbi tí bátìrì wà, nítorí omi bátìrì a máa jẹ irin ibẹ̀. Bí ibẹ̀ bá le, ẹ náwó. Bó bá ti jẹrà, ẹ dáwọ́ dúró. A fi ìka tẹ tirẹ̀, ìka wọlé ṣìn-ìn! Ọ̀dà ló ń tàn wá jẹ.

A ní kó sọ òtítọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó sì san owó ilé-ìwé. Ọkọ̀ baba kì í ṣe baba. Ọmọ ní í jẹ́ orúkọ baba.

Kí Ọlọ́run là wá lójú. Àmín.