Ta Ni Yóò Gbẹnusọ fún Òkú?

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò ṣòro láti lò nígbà tí àwọn méjèèjì tí ń ṣe ẹjọ́ bá wà láàyè: kí onídàájọ́ pe ẹnìkejì, kí ó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ti kú, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹnìkejì ńkọ́? Ta ni yóò rojọ́, ta ni yóò sì dá a? Ìṣòro yìí ni ó dúró de gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ṣe fíìmù. A lè fi The Black Dahlia, fíìmù tí Brian De Palma darí ní ọdún 2006, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé David Fincher ni ó kọ́kọ́ yẹ kí ó darí rẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀. Ohun tí ọ̀kan ṣe wà ní ojútáyé. Ohun tí èkejì ì bá ṣe, ojú inú ni a ó fi wò ó.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1947, wọ́n rí òkú Elizabeth Short ní ilẹ̀ kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí ní Leimert Park, ní ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 22 ni, ikú oró ni ó sì kú. Àwọn ìwé ìròyìn gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi orúkọ òdòdó kan rọ́pò rẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn kan tẹ ìyá rẹ̀ láago, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti borí nínú ìdíje ẹwà. Ìgbà tí ìyá dunnú tán, tí ó sì ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́, ni wọ́n tó sọ fún un pé ọmọ náà ti kú. Ó ju 50 ènìyàn lọ tí ó wá jẹ́wọ́ pé àwọn ni àwọn pa á, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni wọ́n ń pa. Títí di òní, a kò mọ apànìyàn náà.

Ìwé ìtàn àròsọ tí James Ellroy kọ ní ọdún 1987 ni De Palma gbé fíìmù rẹ̀ kà. Ó tẹ̀lé àṣà irú fíìmù tí àwọn Faransé sọ ní noir, èyíinì ni dúdú: òjìji pọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ ọlọ́pàá kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ju ti ọ̀daràn lọ. Nínú ìwé àti nínú fíìmù, ọlọ́pàá mọ ẹni tí ó pa ọmọbìnrin náà: inú ìdílé ọlọ́rọ̀ kan tí òǹkọ̀wé fi ọkàn ara rẹ̀ dá ni ọ̀ràn ti ṣẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó dá Ellroy lẹ́bi, kí ó rántí pé wọ́n pa ìyá òun náà ní ọdún 1958, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 10, wọn kò sì mọ ẹni tí ó pa á. Ìyá yìí ni ó fi ìwé náà ṣe ìrántí fún. Ọmọ tí kò rí ìdáhùn gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni ó lọ wá a nínú àròsọ.

Báwo ni Fincher ì bá ti ṣe é? Fíìmù rẹ̀, Zodiac, tí ó jáde ní ọdún 2007, fún wa ní àpẹẹrẹ. Àwọn ìpànìyàn tí ó wáyé ní àríwá Kalifọ́níà ní 1968 àti 1969 ni ó dá lé, wọn kò sì rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi fún wọn rí. Wọ́n pa ọ̀dọ́ méjì ní oṣù Kejìlá ọdún 1968 láìsí ẹni tí ojú rẹ̀ tó o. Fincher kò ya ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn sínú fíìmù rẹ̀. Ó lé ní wákàtí méjì àbọ̀ tí òǹwòran fi ń rí bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ìwé ẹ̀rí ń ga sí i, tí àwọn olùwádìí sì ń rẹ̀. Ó tọ́ka sí ọkùnrin kan tí wọ́n fura sí, ṣùgbọ́n ó sọ níparí pé àyẹ̀wò kò so ọkùnrin náà mọ́ ọ̀ràn náà. Lóòótọ́, ìwé Ellroy kan náà ni Fincher ì bá bá ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, bí ó bá lo irú ọwọ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí ìyá tí ó di ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mú àti ogunlọ́gọ̀ àwọn ajẹ́wọ́-irọ́ gba àyè ju ìdílé ọlọ́rọ̀ náà lọ, kí fíìmù sì parí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ kò yẹ kí a sáré dé Fincher ládé. Àwọn tí ń wá apànìyàn ni Zodiac ń tẹ̀ lé. Àwọn tí ó kú kì í pẹ́ lójú wa. De Palma ní tirẹ̀ fi àwọn ìran kan sínú fíìmù rẹ̀ níbi tí Elizabeth Short ti ń dán eré ṣíṣe wò níwájú olùdarí kan tí a kò rí. Ohùn De Palma fúnra rẹ̀ ni ó ń bi í léèrè. Níbẹ̀, òkú di ènìyàn: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wá ojú rere. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu ni. Nínú ẹni tí ó yá òkú ní ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀ àti ẹni tí ó fi í sílẹ̀ ní odi, ta ni ó ṣe é lóore?

Ẹnì kan lè sọ pé asọ̀tàn kì í ṣe adájọ́. Òtítọ́ ni, bí ọ̀ràn bá jẹ́ àròsọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969, ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ Lápàdé bá tẹ̀, kò sí ẹbí kan láyé tí ọgbẹ́ rẹ̀ yóò tún ṣí. Ẹlòmíràn lè wí pé ìdílé tí a fi ọkàn dá kò ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Òtítọ́ ni èyí náà, ó sì sàn ju kí a kó ẹ̀ṣẹ̀ lé aláìṣẹ̀ kan lórí lọ. Ẹni tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ń pa lára ni òkú fúnra rẹ̀. Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òǹwòran yóò lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí, nígbà tí ẹjọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kò sí ẹ̀bi nínú pé kí asọ̀tàn lo ojú inú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ojúṣe rẹ̀ ni pé kí ó jẹ́ kí ààlà hàn láàárín ohun tí a mọ̀ àti ohun tí ó fi kún un. Ìpànìyàn tí a kò mọ ẹni tí ó ṣe é jẹ́ gbèsè lọ́rùn àwọn alààyè. Ẹni tí kò bá rí i san, kí ó gbà pé òun jẹ ẹ́. Owó ayédèrú kì í san gbèsè.