Eku Méjì Lójú Ọ̀run Niamey

Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Òwe yìí ni wọ́n sábà máa ń pa fún ẹni tí iṣẹ́ ń lé kiri lọ́sàn-án, tó tún fẹ́ máa ya àwòrán ìràwọ̀ lóru.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó pa á wo eku náà dáadáa. Àkókò tí wọ́n ń jáde kò dọ́gba. Ní Niamey, lórílẹ̀-èdè Niger, òjò máa ń bo ojú ọ̀run láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Nígbà tó bá yá, ọyẹ́ á gbé eruku aṣálẹ̀ dé. Àárín méjèèjì, nǹkan bí oṣù kẹwàá, ni òkè máa ń mọ́. Ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ yẹ kó bọ́ síbẹ̀, ní òru tí òṣùpá kò sí, níbi tó jìnnà sí iná ìgboro. Kámẹ́rà lè máa yà fúnra rẹ̀ kí ẹni tó ni ín sùn díẹ̀. Kọ̀ǹpútà á pa ọ̀pọ̀ àwòrán náà pọ̀ di ọ̀kan lọ́jọ́ mìíràn.

Ìràwọ̀ àríwá tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ tó ń yí kámẹ́rà tẹ̀lé ìràwọ̀ ga níwọ̀n 13.5 péré níbẹ̀, inú eruku gan-an. (Èyí á bí mi nínú ju ọ̀gá tó ń pè lóru lọ.)

Oòrùn ni kì í wo kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni. Ní 29 oṣù kẹta, ọdún 2006, òṣùpá bò ó pátápátá ní apá kan Niger, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù ní Niamey. Ọjọ́rú ni, láàárọ̀, ọjọ́ iṣẹ́.