Ta Ló Ni Ìtàn Ọmọ Tí A Gbà Tọ́?

 

Ìbéèrè kan ló bí àròkọ ti oṣù yìí. Lẹ́yìn àṣàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Abẹ́òkúta níbí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa tó ń ṣe iṣẹ́ fídíò wá bá mi. Ó ní, "Ùsítáàsì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣe fíìmù kan. Kì í ṣe eré o, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Tọkọtaya Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n gba ọmọkùnrin kan tọ́ láti kékeré. Mo fẹ́ ya ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe rìn ín títí wọ́n fi gbà á, àti bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà. Àwọn méjèèjì ti gbà fún mi. Ṣé ẹ̀sìn gbà á?"

Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ láádá ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí a ṣe ń na ìka sí obìnrin tí kò tíì bímọ nílẹ̀ wa. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wà tí kò ní ẹni tí yóò fún wọn ní oúnjẹ alẹ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tó bá tọ́jú ọmọ òrukàn yóò sún mọ́ òun ní alijánnà bí ìka méjì ti sún mọ́ra. Fíìmù kan lè ṣe ohun tí wáàsí ọgọ́rùn-ún kò lè ṣe. Mo ṣe àdúà fún un, ó sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé kéú bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹni ní èdè Lárúbáwá: orúkọ rẹ, lẹ́yìn náà "ibn" tàbí "bint", lẹ́yìn náà orúkọ bàbá rẹ. Ọmọ kan kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ "ibn", ó sì gbé bírò dúró. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Kò kọ ọ́. Mo tún sọ ọ́ kíkankíkan, lójú gbogbo kíláàsì. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ọmọ tọkọtaya yẹn ni. Àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ ti sọ òtítọ́ fún un nínú ilé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì kò mọ̀. Ojú tì mí. Bí ìbéèrè olùkọ́ kan láàárín ogún ọmọ bá lè mú ọmọ gbẹ tó báyìí, fíìmù tí gbogbo ayé yóò máa wò ńkọ́? Mo rí i pé mo ti yára dáhùn. Mo bi tọkọ bi taya léèrè bóyá wọ́n gbà. N kò béèrè ẹni tó ni ìtàn náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa gbígba ọmọ tọ́. Sáyìdì ọmọ Háríṣà jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n jí i gbé, tí wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ó bọ́ sọ́wọ́ ìyá wa Khadíjà, òun ló fi ta Ànábì lọ́rẹ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ibi tó wà, ó gbé owó wá sí Mẹ́kà láti rà á padà. Ànábì ní kí wọ́n bi ọmọ náà fúnra rẹ̀, kó yan ẹni tó bá wù ú. Sáyìdì yan Ànábì. Ànábì sọ fún àwọn ènìyàn ní gbangba pé ọmọ òun ni, wọ́n sì ń pè é ní Sáyìdì ọmọ Muhammad. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni àṣẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú súrà Al-Ahzāb, ẹsẹ̀ 4 àti 5, pé kí a máa fi orúkọ bàbá tó bí wọn pe àwọn ọmọ tí a gbà tọ́. Bí a kò bá mọ bàbá wọn, ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn ni wọ́n. Sáyìdì tún di ọmọ Háríṣà. Ṣé ìfẹ́ dín kù? Rárá. Òun nìkan ni Sàhábà tí a dárúkọ nínú Àlùkùránì, Ànábì sì fi Usāmah ọmọ rẹ̀ ṣe olórí ogun.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ kò nílò irọ́ kó tó dúró. Kì í ṣe pé Ìsìláàmù kọ̀ kí a gba ọmọ tọ́, pípa orísun ọmọ rẹ́ ló kọ̀. Ohun tí a ń pè ní kafálà nìyí, tí àdéhùn gbogbo àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 1989 pàápàá dárúkọ. A lè fi ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta ogún sílẹ̀ fún ọmọ náà nípa wàsíyà. Bí ìyá alágbàtọ́ bá fún un lọ́mú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọmú, bí òfin ṣẹ̀ríà ṣe là á kalẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ nípa ọmú. Nítorí náà, àwọn tó ń fi òtítọ́ pamọ́ fún ọmọ títí di ọjọ́ nìkáà tàbí ọjọ́ pínpín ogún, kí ará ilé tó fi ṣe èébú fún un, wọ́n ń ṣe é níbi.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, "Ṣebí òtítọ́ náà ni fíìmù ń sọ." Kí a sọ òtítọ́ fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i yàtọ̀ sí kí a kéde rẹ̀ lọ́jà. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí i. Àfáà tí yóò so yìgì rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i, àwọn tí yóò pín ogún náà sì ní in. Àwọn èrò Kútọ̀ kò ní in. Ẹ wo ìtàn Ànábì Músá nínú súrà Al-Qasas. Nígbà tí ọmọ náà dé ààfin Firiáónà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tọ ipa rẹ̀. Kò pariwo pé àbúrò òun ni. Ohun tó bi wọ́n ni bóyá wọ́n fẹ́ kí òun fi ilé tí wọn yóò ti bá wọn tọ́jú ọmọ náà hàn wọ́n. Kò purọ́, kò sì tú àṣírí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kọlu Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa lónìí. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọdébìnrin kan, wọ́n sì kó o lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀tàn sọ pé Àìná ni orúkọ rẹ̀. Yorùbá kì í ṣàdéédé sọ ọmọ ní Àìná: orúkọ àmútọ̀runwá ni, fún ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Ní 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, gbà á lọ́wọ́ Gẹ́zò ọba Dàhòmì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin Victoria. Gẹ́zò yìí kan náà ló kó ogun wá bá Ẹ̀gbá ní 1851, tí wọ́n sì lé padà ní Abẹ́òkúta. Forbes sọ ọmọ náà ní Sarah Forbes Bonetta. Forbes ni orúkọ òun fúnra rẹ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ní 1851 ó tẹ ìwé jáde, ó sì kọ ìtàn ọmọ náà sínú rẹ̀, nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ebi pa ọmọ yìí lọ́dọ̀ wọn. Bí Forbes kò bá gbà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á. Ọbabìnrin gbọ́ bùkátà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní 1862 ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò Èkó, ní ìlú Brighton, Ọbabìnrin sì tún ṣe ìyá ìsàmì fún ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kú ní erékùṣù Madeira ní 1880. Àwọn àwòrán tí Camille Silvy yà á ní 1862 ṣì wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀run wá di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ó tó gbọ́n tó láti sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ti sọ ọ́ tán. Oore ni wọ́n ṣe fún un lóòótọ́. Oore náà kò fún wọn láṣẹ lórí ìtàn rẹ̀.

Ẹ fi èyí wé ti Adewale Akinnuoye-Agbaje. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1967. Àwọn òbí rẹ̀, ọmọ Yorùbá tó ń kàwé níbẹ̀, gbé e fún ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury láti bá wọn tọ́ ọ, bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ti ń ṣe láyé ìgbà náà. Ojú rẹ̀ rí màbo. Nígbà tó dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, òun ló sì darí fíìmù Farming, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní 2018. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí yóò gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìtàn ló sọ ọ́, lọ́jọ́ tó wù ú.

Ibi tí mo rí ìdáhùn sí nìyí, Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Nínú súrà An-Nisā, ẹsẹ̀ 6, Ọlọ́hun pàṣẹ fún ẹni tí dúkìá ọmọ òrukàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi bàlágà, tí a ó sì rí òye lára rẹ̀, kó wá fà á lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Bí alágbàtọ́ bá jẹ́ tálákà, ó lè jẹ níwọ̀nba nínú rẹ̀. Èmi rí i pé ìtàn ọmọ dà bí dúkìá rẹ̀. Ọmọ tó wọlé wa lọ́wọ́ òfo, ìtàn rẹ̀ nìkan ló mú wá. Àmáànà ni lọ́wọ́ wa. A lè ná níwọ̀nba nínú rẹ̀ níbi tó bá pọn dandan: fún dókítà, fún olùkọ́, fún ilé ẹjọ́. A kò lè tà á. Ó tilẹ̀ le ju owó lọ, nítorí owó tí a bá ná ṣeé san padà. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fíìmù tó bá ti wọ orí fóònù ayé kò ṣeé kó mọ́. Òfin ìlú náà kò jìnnà síbẹ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006, fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti ti ìdílé rẹ̀.

Ewu kejì jẹ́ ti àwa tí a ń ṣe oore. Ọlọ́hun kìlọ̀ nínú súrà Al-Baqarah, ẹsẹ̀ 264, pé kí a má fi ìrègún àti ìpalára ba sàárà wa jẹ́. Ìrègún ẹnu máa ń dákẹ́ nígbà tó bá rẹ ẹlẹ́nu. Èyí tí a yà sínú fíìmù kì í rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e sí i ni ọmọ yóò tún máa gbọ́ pé, "Wò ó, àwa la kó ọ nílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni oore tí a fi àníyàn tó mọ́ bẹ̀rẹ̀ ṣe ń di ṣekárími.

Mo padà lọ bá arákùnrin wa. Mo tọrọ gáfárà pé mo yára. Mo sọ fún un pé ìtàn alágbàtọ́ jẹ́ ti alágbàtọ́: ọdún tí wọ́n fi dúró, èébú tí wọ́n gbà, bí wọ́n ṣe lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àti kóòtù, ohun tí áfáà sọ fún wọn nípa orúkọ àti ogún. Kí wọ́n sọ ọ́, yóò ṣe ènìyàn lóore. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ, orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i àti ọ̀rọ̀ ìyá tó bí i, kó fi sílẹ̀. Ìyá yẹn náà ní iyì. Ó lè jẹ́ ìyàwó ẹnìkan ní Abẹ́òkúta yìí lónìí.

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Ùsítáàsì, bí a kò bá rí ojú ọmọ, ta ni yóò wò ó?" Mo ní ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn: bó bá jẹ́ ojú ọmọ ni wọ́n fẹ́ wò, a jẹ́ pé ọmọ náà ni a ń tà. Ó dákẹ́. Ìyá alágbàtọ́ ló wá yanjú rẹ̀. Ó ní òun yóò sọ tòun, kí ti ọmọ dúró de ọmọ.

Ẹ wo Ànábì Yūsuf. Nígbà tí Ọlọ́hun kó òun àti àwọn òbí rẹ̀ jọ, tó ń ka oore Ọlọ́hun lórí ara rẹ̀, ó dárúkọ ẹ̀wọ̀n tó ti jáde. Kò dárúkọ kànga. Àwọn tó jù ú sínú kànga jókòó síbẹ̀, kò sì fẹ́ dójú tì wọ́n. Ẹni tó ni ìtàn nìkan ló lè mọ ibi tí yóò fò. Bí a bá ti bá a sọ ọ́ tán, ibo ni yóò tún fò?

Ní ti èmi náà, mo ti pa àwọn àmì tí ẹ lè fi mọ ọmọ yìí dà, kí àròkọ mi má di irú fíìmù tí mò ń bá wí. Mo pè é lẹ́yìn kíláàsì, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ka ẹsẹ̀ karùn-ún súrà Al-Ahzāb fún un, pé ọmọ ìyá wa ni. Ó mú bírò rẹ̀, ó kọ ìyókù orúkọ náà. Ohun tó kọ, tirẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùpa àmáànà mọ́, kó dá ààbò Rẹ̀ bo gbogbo ọmọ òrukàn, kó sì fi ọmọ rere ta àwọn tó ń wá a lọ́rẹ. Àmín.