Ìbínú Ànábì Mùsá àti Wàláà Ọwọ́ Olórí Ilé-Ẹ̀kọ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ni ìmọ̀ tí Ó sì ń fi ta ẹni tí Ó bá fẹ́ lọ́rẹ. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tọ ojú ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ fún ara wa, a sì ń sọ fún yín, pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lórí àwọn kan tí a kì í sábà rántí nínú àdúà: àwọn hẹ́dímásítà, hẹ́dímísírẹ́ẹ̀sì àti pírínsípà tí wọ́n wà láàárín wa ní Kàbà, ní Bùnú, ní Ìjùmú àti ní Yàgbà. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú sáàfù yìí. Okun o, ẹ kú iṣẹ́.

Ẹrù tí ó wà lórí wọn kò kéré. Láti ọdún 2016 tí àyẹ̀wò àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọdún púpọ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi gba ìdá owó oṣù dípò odidi. Ìgbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé gbé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ wọn lọ ní Emùré-Èkìtì, tí kò jìnnà sí wa. Ta ni yóò jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn èyí tí ọkàn rẹ̀ kì yóò máa já nígbà tí ọkọ̀ àjèjì bá dúró lẹ́nu ọ̀nà?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Súúrà Al-Aráàfù. Ànábì Mùsá (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lọ sí orí òkè fún ogójì òru, ó sì fi Hárúnà arákùnrin rẹ̀ ṣe olórí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó dé, wọ́n ti ń sin ọmọ màlúù. Ìbínú àti ìbànújẹ́ kó jọ sínú rẹ̀. Ó ju wàláà sílẹ̀, ó di orí arákùnrin rẹ̀ mú, ó ń wọ́ ọ. Hárúnà bẹ̀ ẹ́ pé àwọn ènìyàn ti fojú aláìlágbára wo òun, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n pa òun. Mùsá sì tọrọ àforíjìn fún ara rẹ̀ àti fún un.

Ìbínú náà tọ́, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà tóbi. Ṣùgbọ́n orí ta ni ó bọ́ sí? Orí ẹni tí ó ti sa gbogbo agbára rẹ̀. Àáyà 154 sì fi hàn pé ìgbà tí ìbínú rọlẹ̀ ni Mùsá tó gbé wàláà náà padà. Ọwọ́ tí ń gbọ̀n kò lè gbé ìmọ̀.

Àwa fúnra wa ti wà ní ipò yìí rí, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kì yóò dárúkọ. Olùkọ́ kan pẹ́ dé fún ọjọ́ mẹ́ta léra. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, a bú u níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n tò sórí ìlà. Kò fèsì; ó kàn ń wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn láti abúlé oko, nítorí kò ní owó ọkọ̀. A lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, ó sì gbà. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ ni a ti bú u, a kò sì bẹ̀ ẹ́ lójú wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti dàgbà báyìí. Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà ń dùn wá títí di òní.

Hádíìsì tí Bùhárì gbà wá kọ̀ fún adájọ́ láti dá ẹjọ́ ẹni méjì nígbà tí inú ń bí i. Olórí ilé-ẹ̀kọ́, adájọ́ ni ẹ. Ìwé ẹ̀sùn tí ẹ bá fi ìbínú kọ sí olùkọ́, ẹ jẹ́ kí ó sun orí tábìlì mọ́jú. Bí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ jókòó, gẹ́gẹ́ bí Ànábì wa ṣe kọ́ wa.

Ní ti ẹ̀rù àti ìbànújẹ́, ẹ má ṣe gbà fún ẹni tí ó ní ọ̀gá kì í sunkún. Ànábì wa sunkún nígbà tí ọmọ rẹ̀ Ìbúráhímù kú. Yàkúbù sunkún títí ojú rẹ̀ fi funfun. Ọlọ́hun nìkan ni ó fẹjọ́ sùn, síbẹ̀ ó tún rán àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láti lọ wá Yúsúfù. Ó ń sunkún, ó sì ń wá ọmọ. Irú sùúrù yìí ni a ń wí.

Ẹ̀yin òbí náà (a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn létí gbogbo yín), ẹ dẹ́kun lílọ pariwo mọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lójú àwọn ọmọ. Bí ẹjọ́ bá wà, ẹ wọ inú ọ́fíìsì rẹ̀, ẹ jókòó.

Ọlọ́hun, fún wọn ní okun, dáàbò bo àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Lẹ́yìn ìrun, kí gbogbo olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà níbí dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá. A fẹ́ gbọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní ọgbà, kí a lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ to sáàfù yín kí ó gún.