Ẹni Tí Ó Fi Àrùn Ẹran Pamọ́

Ní etí òkun Ìlàjẹ, láti Màhín dé Ùgbò, omi ni ọ̀nà, àwọ̀n sì ni ọkọ́. Nítorí náà, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ màlúù tí a ń pa síbi òkú àgbà ti ń wá. Ẹni tí ó rà á kò mọ bí ó ti sùn, kò mọ bí ó ti jí. Ìwà ẹni tí ó sìn ín ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni Fúlàní darandaran sìn. Àwọn wọ̀nyí ní àṣà ọlọ́gbọ́n. Láyé àtijọ́, bí àrùn ẹ̀dọ̀fóró bá bẹ́ sílẹ̀, wọn a gé díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹran tí ó kú, wọn a fi í sábẹ́ awọ imú èyí tí ara rẹ̀ le. Ó pa díẹ̀, ó gba púpọ̀ là.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí kì í ṣe ọgbọ́n: kí ọlọ́màlúù rí i pé ẹran òun ń ṣàìsàn, kí ó yára tà á. Yóò wí pé, “Àwọn ọmọ mi yóò jẹun.” Òtítọ́ ni. Ọmọ ẹni tí ó rà á ńkọ́? Ikọ́ ife màlúù a máa ran ènìyàn.

Ní 2011 ni a kéde pé àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí a ń pè ní rinderpest ti parẹ́ láyé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe iṣẹ́ ńlá. Àwọn darandaran tí ó sọ ibi tí àrùn wà ṣe tiwọn pẹ̀lú.

Àṣà tí ó dáàbò bo aládùúgbò ni kí a dì mú. Èyí tí ó ń tan aládùúgbò jẹ, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, kí a jù ú nù.