Omi Inú Epo: Ta Ni Kó Jẹ Gbèsè Rẹ̀?

ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀
Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 42:25-28, Aísáyà 1:21-23, Róòmù 12:17-21

Kí ẹ tó jáde lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ yìí kì í ṣe tàwọn tó ní ọkọ̀ nìkan o. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti rẹ́ jẹ rí ló kàn.

Lásìkò òjò tó kọjá, mo ń lọ síbi ìṣọ́ òru kan ní Ọ̀yọ́. Mo ra epo lítà 25 ní ilé epo kan n'Íbàdàn kí n tó bọ́ sí títì. Mo kọjá Mọ́níyà, ọkọ̀ ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n dé Fìdítì ló bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kò sáré. Ó já mi síwájú, ó já mi sẹ́yìn, ó kú. Mo ṣáná sí i, ó dáhùn, ó tún kú.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọ̀tá ìṣọ́ òru ló wà nídìí ẹ̀. Mo ti ń bá ẹ̀mí tó ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà wí kíkankíkan kí mẹkáníìkì tó dé. Bàbá náà ò bá mi ṣe àmín kankan. Ó fa epo díẹ̀ látinú táǹkì sínú ike omi tó mọ́ kedere, ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní ká dúró. Kò pẹ́ tí epo fi pín sí méjì. Bẹntiróòlù wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, bí ìgbà tí òróró bá léfòó lórí ọbẹ̀. Bàbá ní, "Pásítọ̀, ọ̀tá yín rèé."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Lítà omi kan tó kílógíráàmù 1. Lítà bẹntiróòlù kan ò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin kílógíráàmù lọ. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ táǹkì ni omi máa ń lọ jókòó sí, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Omi kì í jó. Púlọ́ọ̀gì á ta iná títí, kò ní rí ohun tó máa ràn mọ́. Bí ẹ bá ń ṣáná sí i léraléra, ńṣe lẹ tún ń fa omi wọ inú pọ́ǹpù àti injẹ́tọ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dípẹtà. Bí ẹ bá ní kí ẹ da epo tó dáa lé e, epo yẹn á dúró lókè, omi ò ní kúrò nísàlẹ̀. Kò sí ọ̀nà míì ju pé kí ẹ pa ọkọ̀, kí wọ́n fa gbogbo epo inú táǹkì jáde, kí wọ́n fọ́n páìpù rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ fíltà, kí ẹ tó ra òmíràn.

Ohun tí wọ́n sì ṣe fún mi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fa epo náà tán, ó kún kẹ́ẹ̀gì kan, ó tún kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

Bàbá mẹkáníìkì ní, "Pásítọ̀, ẹ má jẹ́ ká da eléyìí nù o. Ọmọ kan wà níwájú tó ń ta epo fún àwọn ọlọ́kadà. Bí a bá dín owó rẹ̀ kù fún un, á gbà á. Kò ní béèrè nǹkan kan."

Ẹ̀yin ará mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò tètè sọ pé rárá. Mo dákẹ́, mo ń ṣírò. Owó fíltà, owó iṣẹ́, owó epo tuntun. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ta ni ò mọ bí epo ṣe ń jẹ owó lápò èèyàn? Ọkàn mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún mi. Ó ní: Ṣé ìwọ lo da omi sí i ni? Ṣebí wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni? O kàn fẹ́ gba owó rẹ padà ni, àbí kí ló burú níbẹ̀?

Ìwàásù yẹn dùn létí mi, torí pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n rẹ́ mi jẹ. Lóòótọ́ ni mi ò da omi sí i. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí nìyí: ibi tí wọ́n ṣe sí mi, ṣé ó fún mi láṣẹ láti ṣe é sí ẹlòmíràn?

Bí a bá bi wá léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa la máa dáhùn pé rárá o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká délé. Ẹnì kan fún yín ní ẹgbẹ̀rún náírà tó ti ya sí méjì, ẹ ò tètè rí i. Kí lẹ ṣe sí i? Ṣé ẹ ò ká a mọ́ àárín owó tó dáa, kí ẹ sì dúró dìgbà tí ilẹ̀ ṣú kí ẹ fi ra ata lọ́wọ́ ìyá tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́? Ẹ ra iṣu òkìtì kan, mẹ́ta ti rà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ ò fi í sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin náà fẹ́ tà á? Ọ̀gá yín fi ìyà jẹ yín lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ṣé kì í ṣe ìyà kan náà lẹ ń fi jẹ ọmọ iṣẹ́ tiyín báyìí, tí ẹ ń sọ pé bí wọ́n ṣe kọ́ àwa náà nìyẹn? Èmi tí mò ń kọ èyí, mo ti ná owó tó ya rí. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan ni mo ná an fún ní alẹ́.

Ẹ wo bí omi ṣe dé inú epo náà. Nígbà míì, òjò ló jò wọ inú táǹkì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ilé epo, nítorí pé ìdérí rẹ̀ ò dé dáadáa. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi. Nígbà míì, ẹnì kan ló jí epo fà lójú ọ̀nà, tó fi omi dí àyè rẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, ọjọ́ kan á jọ́kan tí ẹni tó ni ilé epo á mọ̀. Á wá sọ fún ara rẹ̀ pé: owó ni mo fi ra epo yìí, èmi kọ́ ni mo da omi sí i, bí mo bá dà á nù, ta ló máa san án fún mi? Ó tà á fún mi. Èmi náà sọ ọ̀rọ̀ kan náà, mo fẹ́ tà á fún ọmọ elépo. Ọmọ elépo á rí i, á sọ ọ̀rọ̀ kan náà, á tà á fún ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà á gbé ìyá ọlọ́mọ sẹ́yìn, ọ̀kadà á kú láàárín títì, tírélà á sì máa bọ̀ lẹ́yìn.

Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀, ta ni ìkà? Ẹ bi gbogbo wa léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á búra pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni, òótọ́ lá sì sọ. Ohun tó dẹ́rù bà mí nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Fìdítì. Mo ti máa ń rò pé àwọn èèyàn burúkú ló ń ba ìlú yìí jẹ́. Mi ò mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ṣe níbi, tí wọn ò sì fẹ́ pàdánù, ló ń gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Wòlíì Aísáyà mẹ́nu kan irú ọ̀rọ̀ yìí ní orí kìíní ìwé rẹ̀. Ó sunkún lórí Jerúsálẹ́mù pé wọ́n ti fi omi lú wáìnì. Ẹ wo ibi tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí: àárín apànìyàn àti àwọn ìjòyè tó ń bá olè rìn ni, lẹ́yìn náà ló kan ọmọ òrukàn àti opó tí ẹnikẹ́ni ò gba ẹjọ́ wọn rò. Kò kà á sí ọgbọ́n ọjà lásán, torí ó mọ̀ pé bí àbùlà bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lágbára láti gbé e fún ẹlòmíràn ló máa parí sí.

Ẹ tún wo ilé Jákọ́bù. Jákọ́bù fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́, ó tan bàbá rẹ̀ jẹ. Lábánì tan òun náà jẹ, ó fún un ní Líà dípò Rákélì. Àwọn ọmọ Jákọ́bù wá ri ẹ̀wù Jósẹ́fù bọ inú ẹ̀jẹ̀ òbúkọ, wọ́n fi tan bàbá wọn jẹ. Ẹ̀tàn yẹn ń rìn nínú ilé kan náà láti ìran dé ìran, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Jósẹ́fù. Ìyàn mú, àwọn ẹ̀gbọ́n tó tà á dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àpò òfìfo, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọkà wà. Ta ló máa bá a wí bó bá fi iyẹ̀pẹ̀ sí ìdí àpò wọn, tó wá da ọkà lé e lórí? Ọkà tó dáa ló kún un, ó tún dá owó wọn padà sínú rẹ̀. Kò ṣe bí ẹni pé wọn ò ṣe nǹkan kan o. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ líle, ó dán wọn wò, ó mú kí wọ́n rántí ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kò gbẹ̀san.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ rèé. Bí ibi bá dé ọwọ́ wa, ọ̀nà méjì ni Kristẹni ní. A lè gbé e padà sọ́dọ̀ ẹni tó ti wá, ká béèrè ẹ̀tọ́ wa láìbú ẹnikẹ́ni. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kó parí lọ́wọ́ wa. Ọ̀nà kẹta, pé ká gbé e fún ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò sí níbẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mẹkáníìkì pé mi ò tà á. Mo ní kó gbé e sílẹ̀ kó tòrò, kó fi èyí tó wà lókè fọ irin ẹ́ńjìnì, torí òun mọ ohun tó jẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo mú ike yẹn àti rìsíìtì mi, mo padà sílé epo náà. Máníjà kọ́kọ́ ní kì í ṣe epo àwọn. Mo rọra bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n sáà wọn táǹkì wò. Wọ́n kun ọ̀dà tí wọ́n fi ń mọ omi sí ìdí ọ̀pá, wọ́n tì í bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Máníjà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n ti pọ́ǹpù náà pa. Ó dá díẹ̀ padà nínú owó epo mi. Owó fíltà àti owó iṣẹ́, àpò mi ló ti jáde. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òdodo kì í ná èèyàn lówó, epo olómi lòun náà ń tà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Ajíhìnrere, ìwọ rí owó pàdánù. Ìyá alákàrà tí owó tó ya yẹn jẹ́ gbogbo èrè rẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Owó tó ya, ẹ jẹ́ ká bá a gbé e lọ sí báńkì. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àdánù ló ní báńkì tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Pọ́ọ̀lù fi kọ̀wé sáwọn ará Gálátíà pé kí wọ́n máa bá ara wọn gbé ẹrù. Bí ẹnì kan nínú ìjọ bá kọ̀ láti ta ọjà tó bàjẹ́, tó sì pàdánù, kò tó ká kàn sọ fún un pé Olúwa á pèsè. Ẹ jẹ́ ká dá owó jọ. A ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó dá nìkan rì nítorí pé ó ṣe ohun tá a wàásù.

Ohun tí Jésù fúnra rẹ̀ sì ṣe fún wa nìyẹn. Pétérù sọ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, orí kejì, pé wọ́n bú u, kò bú wọn padà. Ẹ̀ṣẹ̀ wa dé ara rẹ̀ lórí igi, ibẹ̀ ló sì parí sí. Gbèsè tí kò jẹ ló san.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ bá ti jìn sí kòtò kan, ẹ kígbe kí ẹni tó ń bọ̀ lè gbọ́. Ẹ má ṣe já ewé bò ó.

Ìbéèrè tòní: Kí ló wà lọ́wọ́ yín báyìí tí wọ́n fi rẹ́ yín jẹ, tí ẹ ń wá ẹni tí ẹ máa gbé e fún?

Àdúrà: Olúwa, ibi tó bá dé ọwọ́ mi lónìí, jẹ́ kó parí lọ́wọ́ mi. Fún mi ní ìgboyà láti béèrè ẹ̀tọ́ mi lọ́wọ́ ẹni tó jẹ mí, kí o sì pa mí mọ́ kúrò nínú fífi ìyà ẹlòmíràn gba owó mi padà. Dárí èyí tí mo ti gbé fún ẹlòmíràn sẹ́yìn jì mí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọ̀nà á là, ọkọ̀ ò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́.